Ráútà yín kò tíì kú: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí update bá já

Ìyá kan tó ń ṣe business centre ní Agbowó ló gbé ráútà wá bá mi nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, bí ẹni gbé adìẹ tó kú. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ó ti lọ o." Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tẹ update firmware (ètò tó ń darí ráútà), ó dé ìdajì, ni wọ́n bá mú iná lọ ládùúgbò. Látìgbà náà, gílóòbù kékeré kan ṣoṣo ló ń tàn níwájú rẹ̀. Kò sí Wi-Fi, kò sí nǹkan kan.

Mo ní, "Mà, ẹ má bínú, kí lẹ ti ṣe sí i?" Ìdáhùn wọn ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àṣìṣe tí wọn ò ṣe tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n ti fa wáyà rẹ̀ yọ, wọ́n tún tì í wọlé padà, láìmọye ìgbà. Tiwọn ò burú jù, torí iná ti kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí iná ò bá lọ, tó kàn dà bíi pé update ti há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ pé ó ṣì ń kọ nǹkan sínú ara rẹ̀. Èmi máa ń fún un ní ogún ìṣẹ́jú kí n tó gbà pé ó ti já.

Inú ṣíìpù kékeré kan ni firmware ń gbé. Wọ́n fi ètò kékeré mìíràn sínú ṣíìpù yẹn kan náà, bootloader lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ jí tí iná bá wọlé, òun ló sì ń jí firmware. Update kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé onílé ló dákú, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣì wà láàyè. Ọwọ́ firmware ni Wi-Fi wà, ìdí nìyẹn tí fóònù ò fi lè rí i, tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà àti wáyà LAN lẹ ó fi bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti fi abẹ́rẹ́ gún reset títí ẹnu ihò rẹ̀ fi gbòòrò. Ìgbà tí ráútà ti wà lórí iná ló ń tẹ̀ ẹ́! Lásìkò yẹn, firmware ló yẹ kó gbọ́, firmware tó ti bàjẹ́ kò sì ní etí. Ẹ pa á ná. Ẹ tẹ reset mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tan án láìjẹ́ kí ọwọ́ yín kúrò. Bootloader á rí i. Lórí TP-Link Archer C7, gílóòbù WPS á tàn. Lórí Asus, gílóòbù power á máa ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyẹn, ẹ má sì lo ti ilé-iṣẹ́ kan fún ráútà òmíràn. Asus ní ètò tirẹ̀ tó ń jẹ́ Firmware Restoration. MikroTik ń lo ètò tó ń jẹ́ Netinstall. Ọ̀pọ̀ D-Link máa ń ṣí ojúewé kan ní 192.168.0.1 nínú browser. Ọ̀pọ̀ Linksys ní firmware méjì lára. Ẹ tan án, ẹ pa á lẹ́ẹ̀mẹta, á bọ́ sórí èkejì.

Ẹnìkan tún ti bá wọn wá adapter mìíràn, "torí ẹnu rẹ̀ wọ ihò." Ẹnu lè bára mu kí volt má bára mu: 9V wà, 12V wà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ráútà. Kí amp pọ̀ jù kò burú. Bó bá kéré jù, ó lè pa ara rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni fáìlì. Wọ́n ti wá firmware ráútà náà, Archer C7, orúkọ bára mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n V5 (ẹ̀dà karùn-ún) ni wọ́n mú, V2 sì ló wà ní ìdí tiwọn. Archer C7 V2 àti V5 kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ojúewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú èyí tí V rẹ̀ bá tiyín mu, kí ẹ sì tú zip kí ẹ tó lò ó. Inú ibẹ̀ ni .bin wà.

Fún C7 V2, àdírẹ́sì IP láptọ́ọ̀pù á jẹ́ 192.168.0.66, mask 255.255.255.0. Ẹ ṣí ètò TFTP, èyí tí láptọ́ọ̀pù fi ń fún ráútà ní fáìlì, ẹ fi fáìlì sínú fódà rẹ̀, kó máa jẹ́ ArcherC7v2_tp_recovery.bin gẹ́lẹ́. Windows máa ń fi ìrù fáìlì pamọ́, ẹ lè rò pé .bin ni, kó sì jẹ́ .bin.bin. Mi ò lè máa dá ìyá náà lẹ́bi jù: èmi fúnra mi jókòó fún wákàtí kan, mò ń tẹ reset, ráútà ń béèrè fáìlì, firewall láptọ́ọ̀pù mi, ètò tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọ inú rẹ̀, ò sì jẹ́ kó wọlé. Mo pa firewall, mo pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Orí ínfátà ni mo ti ṣe é o.

Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Queen Cinema, n'Ìbàdàn, ẹnìkan sì fẹ́ yọ ṣíìpù rẹ̀. Ìyẹn wà fún ìgbà tí bootloader fúnra rẹ̀ bá kú.

Gbogbo gílóòbù tàn. Ìyá ń jó. Mo ní kí wọ́n mú username àti password PPPoE wọn wá, èyí tí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn láti fi wọlé, torí gbogbo ètò ti pa rẹ́. Ijó dúró. Wọ́n tú báàgì wò, wọ́n tú dírọ́ọ̀, wọ́n wá rí i lẹ́yìn ìwé rìsíìtì kan, ìdajì rẹ̀ ti ra mọ́ ọ̀rá àkàrà.