Corydoras Kì í Jẹ Ìgbẹ́

Ìwé yìí wà fún ilé tó ti ní táńkì onígíláàsì, tí Corydoras, ẹja àrọ̀ kékeré, inú rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà là ń bá níbẹ̀ ṣáá: wọ́n ti sọ fún ẹni tó rà á pé àrọ̀ kékeré yìí ni yóò máa gbálẹ̀ táńkì, ó wá fi ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ti jẹrà sílẹ̀ dè é. Corydoras kì í jẹ ìgbẹ́. Nínú odò Gúúsù Amẹ́ríkà tó ti wá, kòkòrò àti ìdin ló ń wá nínú iyanrìn.

Ẹ wo irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀. Bó bá ti ń kúrú, tí ẹnu sì pọ́n, ìsàlẹ̀ táńkì ti dọ̀tí jù nìyẹn. Ẹ má tíì sáré ra oògùn. Ẹ fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: lítà 15 nínú táńkì lítà 60. Ẹ pa chlorine, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, kó tó wọlé. Ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó jẹrà a máa di ammonia, nitrite àti nitrate nínú omi: ammonia 0, nitrite 0, nitrate kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ nínú lítà kan.

Iyanrìn kíkúnná ni kí ẹ tẹ́, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3. Òkúta ẹlẹ́nu mímú a máa ha á lẹ́nu, ìdọ̀tí a sì gba ojú ọgbẹ́ wọlé.

Ẹja 6 irú kan náà ló kéré jù. Oúnjẹ tó ń rì ni kí ẹ fún wọn, lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná; èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 2, ẹ kó o jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, lálẹ́ yẹn náà.

Irú Corydoras kọ̀ọ̀kan ló ní omi tó bá a mu: aeneus fẹ́ omi ìwọ̀n 22 sí 26 Celsius, paleatus fẹ́ 18 sí 23. Níbi tí omi ti ń gbóná tó 28, irú tó ń jẹ́ sterbai ni kí ẹ rà. Láti 2024, àwọn onímọ̀ ti pín ẹ̀yà Corydoras, wọ́n sì yí orúkọ àwọn kan padà: ẹ lè rí Osteogaster aenea tàbí Hoplisoma sterbai lára ọ̀rá. Aeneus àti sterbai tí a dárúkọ lókè náà ni, orúkọ ló yí padà.

Bí Corydoras bá ta sókè lọ gbé afẹ́fẹ́ mì, kì í ṣe àìsàn, ìfun ló fi ń mí in. Àmọ́ bí gbogbo wọn bá ń ṣe é láìsinmi, ẹ yẹ omi wò.

Ife ni kí ẹ fi bù ú, kì í ṣe àwọ̀n: bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀gún lẹbẹ rẹ̀ a le gbagidi, a sì há. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àrọ̀ tí ẹ ń sìn fún ọbẹ̀. Àrọ̀ á gbé e mì, ẹ̀gún á há a lọ́fun, méjèèjì á kú.