Ọparun mẹ́fà tí kò fara kan ara wọn: bí mo ṣe so ère bíi ti Snelson n'Íkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọparun mẹ́fà àti okùn 24 ni ère yìí. Ọparun kankan kò fara kan èkejì, kò sí ìṣó, kò sí gúlù, síbẹ̀ ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 104. Ọgbọ́n Kenneth Snelson ni, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1927, tó sì kú ní 2016. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ ní 1948 nígbà tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Buckminster Fuller tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ló wá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tensegrity. Èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ Snelson ni Needle Tower ti 1968, tó wà ní gbàgede ilé ọnà Hirshhorn ní Washington. Páìpù alumíníọ̀mù àti wáyà irin ló fi ṣe é, ó ga ju mítà 18 lọ. Ẹni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ tó gbójú sókè, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló máa rí, ọ̀kan nínú ọ̀kan.

Àwa ará Èkìtì mọ òpó dáadáa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ òpó sí ààfin Ògògà n'Íkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Chicago báyìí. Òpó ilé, ẹrù ló ń gbà lórí tó ń gbé e dé ilẹ̀. Ti Snelson kò rí bẹ́ẹ̀: ọparun ń tì síta, okùn ń fà wọlé, bí wọ́n ṣe gbé ara wọn ró nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí bí ọṣán ṣe ń fa awọ dùndún le ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ọparun tó gbó ni kí ẹ gé, tó ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Kòkòrò fẹ́ràn èyí tó ṣì kéré, á lu ú di ìyẹ̀fun. Mo ri tèmi sómi odò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fi gbẹ lábẹ́ òjìji. Ẹ má sá a sóòrùn ìgbà ọyẹ́, yóò là láti orí dé ìdí. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 124, ó nípọn tó 4, oríkèé sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí rẹ̀ méjèèjì, kó má ju 5 lọ sí etí. Mẹ́sàn-án ni mo gé kí n tó rí mẹ́fà tó bá èyí mu. Sẹ̀ǹtímítà 2 sí etí, mo fi irin gbígbóná lu ihò bóòtù mìlímítà 6, èyí tí sípánà 10 ń tú. Irin gbígbóná kì í là á bí ẹnu dírílì ṣe máa ń là á. Mo tún fi wáyà tín-ín-rín di etí rẹ̀. Ihò méjèèjì lórí ọparun kan gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan náà, bóòtù yóò sì yọ ní 2 lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gígùn tí a ó fi ṣe ìṣirò jẹ́ láti àárín ihò dé àárín ihò: 120.

Orí okùn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ fi 0.612 ṣe ìlọ́po gígùn ọparun, ìwọ̀n okùn ló jáde: 73.5. Ṣùgbọ́n 72.5 ni mo so ó, torí okùn á nà ní sẹ̀ǹtímítà kan kó tó le. Bí ẹ bá so ó ní 74, ère náà kò ní dìde láé. Bí ẹ bá so ó ní 70, etí ọparun ni yóò ya. Ẹ ra okùn poliẹ́sítà mìlímítà 4, ọgbọ̀n mítà tó fún okùn 24 náà. Ẹ má ra náílọ́nù: tí òjò bá ti rọ̀ sí i, ó máa dẹ̀.

Mo gé e ní 110 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 kọ́ ọ mọ́jú kó lè nà tán. Lẹ́yìn náà, mo kan bóòtù méjì mọ́ pátákó, 72.5 láàárín wọn, mo so ojóbó sí orí okùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, pẹ̀lú kókó tó rí bíi nọ́ńbà 8. Kókó tuntun máa ń yọ́ díẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ fi kẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tó padà wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fi ju mìlímítà 2 yàtọ̀, mo tú u, mo tún un so. Márùn-ún nínú 24 ló pa mí láyò lọ́nà yìí. Ẹ má wò ó pé ó kéré.

Mo kun ọparun méjì ní pupa, méjì ní funfun, méjì ní dúdú. Àwọ̀ kan náà yóò na ara lọ́gbọọgba, 60 ló máa wà láàárín wọn. Funfun gba àárín pupa kọjá, dúdú gba àárín funfun, pupa gba àárín dúdú. Okùn kankan kì í so àwọ̀ kan mọ́ ara rẹ̀. Orí pupa kọ̀ọ̀kan ní okùn mẹ́rin: méjì lọ sí orí méjèèjì ọparun funfun kan, èyí tó súnmọ́ ọn, méjì tó kù lọ sí dúdú méjèèjì, orí kọ̀ọ̀kan tó wà lápá tirẹ̀. Bí pupa ṣe ṣe sí funfun ni funfun máa ṣe sí dúdú, tí dúdú náà á ṣe sí pupa. Tí ọparun méjì bá ń gbá ara wọn, ẹ wo orí wọn: ìyípo yẹn ti dojú rú níbì kan.

Ọwọ́ mẹ́rin ló ń fẹ́. Ẹ fi ojóbó kọ́ bóòtù, ẹ fi wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì dé e, ẹ má tíì mú un le. Títí dé okùn 23, gbogbo rẹ̀ ń wó bí aṣọ tí a ká. Okùn 24 kò ní dé bóòtù, yóò kù bí ìka mẹ́ta. Mo fi okùn mìíràn yí orí ọparun méjèèjì ká, mo ki igi kékeré bọ̀ ọ́, mo sì ń lọ́ ọ títí ojóbó fi wọlé. Ní kété tí mo tú igi náà, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún le lẹ́ẹ̀kan náà, ère sì fò díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ yọ ojú kúrò nítòsí.

Ẹ wá fi téèpù wọn àárín pupa sí pupa, funfun sí funfun, dúdú sí dúdú: 60 ni gbogbo wọn yẹ kí ó jẹ́. Tèmi jẹ́ 59.5, 60 àti 61. Dúdú tó jẹ́ 61 ní okùn kan tó gùn jù, mo rí i nígbà tí mo fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ balẹ̀ ju ti àwọn yòókù. Bí okùn kan ṣoṣo bá já, gbogbo rẹ̀ ló máa dẹ̀ pọ̀, torí náà, mo so mẹ́rin pa mọ́ sínú kóńbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo pààrọ̀ okùn tó gùn jù yẹn sí 72.