Bí mo ṣe bọ́ sínú Cessna ọdún 1974

Cessna 172 tó ní Garmin G1000, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tó rọ́pò àwọn aago, ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù ní Houston. Nígbà tó yá, mo fẹ́ máa háyà 172M ọdún 1974 torí pé owó rẹ̀ kéré sí i. Olùkọ́ mi ní àfi ká kọ́kọ́ jọ fò ó ná.

Nílẹ̀, kí a tó tan ẹ́ńjìnnì, mo ń fọwọ́ kan àwọn aago mẹ́fà iwájú awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Máìlì ní wákàtí ni aago eré fi ń kà, kì í ṣe nọ́ọ̀tì, tó fi díẹ̀ ju máìlì lọ, nítorí náà 65 tó ti mọ́ mi lára di nǹkan bíi 75. Mo kọ gbogbo eré tó ṣe kókó sórí bébà, mo dè é mọ́ itan.

Lókè, aago tó ń tọ́ka ibi tí bàálù dojú kọ ló gba ìṣọ́ra jù. G1000 máa ń tún tirẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Jáírò, irin tó ń yí kíákíá, ló wà nínú ti àtijọ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní bíi ìṣẹ́jú 15 síra wọn, màá mú ìyẹ́ dọ́gba, màá jẹ́ kí eré dúró sójú kan, màá wo kọ́ńpáàsì, kí n tó wá yí aago náà bá a mu. Ẹni tó bá ṣe é nígbà tí bàálù ń kọrí síbòmíì, irọ́ ni kọ́ńpáàsì máa pa fún un.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí aago ṣe ń kú. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára G1000, yóò fa ìlà pupa méjì kọjá lórí rẹ̀, o ò lè ṣàì rí i. Nínú 172M, bí pọ́ńpù tó ń fa afẹ́fẹ́ láti yí jáírò bá dákú, aago tó ń fi ìdúró bàálù hàn á kàn máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi pé òótọ́ ló ń sọ. Olùkọ́ mi fi bébà bo aago yẹn àti aago jáírò kejì, ó ní, "Ó yá, máa gbé wa lọ." Ojú mi wá ń sáré láti ara aago tó ń fi hàn bí bàálù ṣe ń yí, tó ń lo iná bátìrì, lọ sí ti gíga, ti eré, kọ́ńpáàsì, kí n tún padà. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbà pé mo lè wa bàálù yẹn.

Bí a ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, mo fa ọwọ́ ooru kàbùrétọ̀ kí n tó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, torí yìnyín lè dì sínú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ olómi bíi ti Houston. Kò sí ọwọ́ yẹn nínú 172 tuntun.

Olùkọ́ mi ti fọwọ́ sí ìwé mi, méjèèjì ni mo sì ń wà báyìí. Bí mo bá padà sínú G1000, eré ni mo kọ́kọ́ ń ṣọ́. Nọ́ọ̀tì ni tibẹ̀: ẹni tó bá gbé 75 bọ̀ wá balẹ̀, bàálù á kàn máa léfòó lọ lórí ọ̀dà ni.