Bí A Ṣe Ń Gbé Pẹ̀lú Ọmọ Kékeré ní Ìlú Etí Òkun

Ẹni tí ó bá ń tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ìlú etí òkun kò lè máa ka òkun sí ibi ìgbafẹ́ tí à ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìró rẹ̀ ni ọmọ náà fi ń sùn, ìró rẹ̀ náà ni ó sì fi ń jí. Ohun tí ojú bá sì ń rí lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ tó kúrò lára ènìyàn. Àlejò tí ó wá lo ọjọ́ méjì kì í gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀, àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ni a máa ń sọ pé, "Ó ti mọ omi." Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ omi. Àgbà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn òkun a máa gbé iyọ̀ wọlé, iyọ̀ a sì máa jẹ irin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i pé ìkọ́ géètì wa, tí mo gbà pé ó ń wọlé dáadáa, kò wọlé mọ́: ìpẹtà ti mú kí ó wú, ẹnu rẹ̀ kàn ń kan ihò tí ó yẹ kí ó bọ́ sí ni, ọmọ mi obìnrin sì ti fi ìka kan ṣoṣo tì í ṣí. Mo bá a lójú ọ̀nà pẹ̀lú kòròbá ìṣeré rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọjú sí òkun. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ni mo fi ń fa ìkọ́ géètì, ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé àti ti fèrèsé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń fi omi tí kò ní iyọ̀ nù wọ́n, mo sì ń fi òróró díẹ̀ sí wọn nígbà tí wọ́n bá gbẹ. Mo rọ̀ yín kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ojú wò ó lásán. Ẹ fà á.

Lẹ́yìn ilé, ẹ kọ́ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà. Ìdílé tí ó ní ọmọ kékeré a máa tẹ̀lé aago: aago báyìí ni oúnjẹ, aago báyìí ni oorun, aago báyìí ni eré. Òkun kì í tẹ̀lé aago yẹn. Ní ọ̀pọ̀ etí òkun, láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àkókò kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti sún tó nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà, iyanrìn gbalasa tí ọmọ yín ti ṣeré ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lè ti wà lábẹ́ omi ní aago mẹ́rin òní. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, omi a máa gòkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, a sì máa fà jìnnà jù. Àtẹ àkókò ìkún omi wà fún ọ̀pọ̀ èbúté. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ wò ó kí ẹ tó wọ bàtà fún ọmọ.

Bí ẹ bá dé etí òkun, ẹ dúró kí ẹ wo omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọmọ tó kàn án. Omi tí ìgbì gbé wá sí ilẹ̀ ń wá ọ̀nà tí yóò gbà padà, ibi tí ó jìn díẹ̀ ni ó sì máa ń gbà. Ibẹ̀ kì í sábà ní ìgbì tí ń fọ́. Omi rẹ̀ a dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, a sì dà bí ẹni pé ó pa rọ́rọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àgbà tí kò mọ̀ yóò yàn fún ọmọ, nítorí pé ó rí i bí ibi ìrọ̀rùn. Bí irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ bá gbé ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má bá a jà láti padà tààrà sí ilẹ̀. Ẹ léfòó, ẹ ké sí ènìyàn, kí ẹ sì lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí ẹ ó fi bọ́ nínú rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú ọmọ lẹ́bàá omi, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni mo mọ̀: ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ lè tó o láìgbé ẹsẹ̀. Ọmọ tí ó ń rì kì í sábà pariwo, nítorí pé ẹnu rẹ̀ wà nínú omi, kò sì ní èémí tí yóò fi ké. Bí àgbà bá pọ̀, ẹ fi ẹnu sọ ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ, kí ẹni náà sì fi fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ́ sinmi, kí ó sọ fún ẹlòmíràn pé, "Ìwọ ló kàn," kí ó sì gbọ́ ìdáhùn kí ó tó yíjú. Aṣọ tí ó ní àwọ̀ ọsàn tí ń tàn yòò dára jù fún ọmọ. Búlúù àti funfun a máa pòórá nínú omi. Ẹ má sì gbé e lé orí rọ́bà onífẹ̀ẹ́fẹ́ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sí ojú òkun.

Oòrùn máa ń mú jù láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ wá ìbòòji, kí ẹ sì máa fún ọmọ ní omi mu. Ihò tí ẹ bá gbẹ́ sínú iyanrìn kò gbọdọ̀ jìn ju orúnkún ọmọ lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ya lulẹ̀ lójijì kí ó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà dé ilé, ẹ má fi aṣọ ìnura nu iyanrìn tútù kúrò lára ọmọ, nítorí pé ńṣe ni yóò máa ha á lára. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ tó fi omi tí kò ní iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, pàápàá ní abẹ́ ọrùn, abíyá àti àárín itan. Bí iyanrìn bá wọ ojú rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó má baà fi ra á, kí ẹ sì da omi tí ó mọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ìhà etí. Ẹ ṣan aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra: aṣọ tí a kò ṣan yóò gbẹ ní ọ̀sán, yóò sì tún tutù ní alẹ́.

Bí ẹ bá wá ọmọ tì, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ibòmíràn. Bí ẹ bá sì gbé e jáde tí kò mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi lè jáde. Ẹ rán ẹnìkan lọ pe àwọn olùrànlọ́wọ́, kí ẹ̀yin sì kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tẹ àyà rẹ̀ ní ìgbà 30 kí ẹ tó tún fẹ́ èémí méjì sí i, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ọwọ́ ni a fi ń kọ́ èyí; ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tí a ti dá lẹ́kọ̀ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Kódà bí ọmọ bá jí tí ó sì ń béèrè kòròbá ìṣeré rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé omi tí ó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣì mú kí èémí rẹ̀ nira ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà.