Ìrẹsì Onímílíìkì: Ẹ Má Kó Gbogbo Ìrẹsì Fífọ́ Fún Adìyẹ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbin ìrẹsì ní Ọ̀fadà àti Mókọ̀lókì, àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń nájà ní Láfẹ́ńwá àti Kútọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ìrẹsì bá dé ẹnu ẹ̀rọ, díẹ̀ á fọ́. Èyí tó fọ́ yìí là ń tà ní ọ̀pọ̀, tàbí kí a dà á fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló dára jù láti fi se ìrẹsì onímílíìkì: ojú ibi tó ti fọ́ ni oje funfun tó ń mú un ki ń gbà jáde. Odidi ọ̀fadà ní èèpo lára, kì í tètè rọ̀. Àwọn ará Íńdíà ń se irú rẹ̀, kheer ni wọ́n ń pè é.

Òkúta ni ká kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ, kí ẹ dà á sínú igbá, kí ẹ bu omi lé e. Ẹ máa mi igbá náà jẹ́jẹ́, kí ẹ máa da omi àti ìrẹsì díẹ̀díẹ̀ sínú igbá kejì. Òkúta á wà nísàlẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ bó o títí omi á fi mọ́ gaara, oje tí a ń wá lẹ ń dà nù yẹn. Ìrẹsì tó bá ti bu, ẹ má sè é rárá.

Ìrẹsì ife 1, omi ife 3, iyọ̀ fín-ín-fín. Ẹ gbé e kaná. Ẹni tó bá fẹ́ atalẹ̀, ìsinsìnyí ni kó fi í sí i, kó hó dáadáa. Omi atalẹ̀ tí a kò tíì sè, bí a bá dà á sínú mílíìkì gbígbóná, á mú un dì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da mílíìkì sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sè é, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìdí ìkòkò jó, ìrẹsì sì le síbẹ̀. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bó bá fọ́ pátápátá láìsí ojú funfun tó le láàárín, ó yá.

Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun ife 1 mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife 4, kí ẹ dà á sí i. Mílíìkì tútù tí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ẹ kọ́kọ́ sè é lọ́tọ̀ títí á fi hó ru sókè, torí ikọ́ ife lè ti ara màlúù wọlé. Ẹ fa èédú sẹ́yìn kí iná rọlẹ̀, kí ẹ máa fi orógùn ha ìdí ìkòkò. Ìgbẹ̀yìn ni ṣúgà ń wọlé, ṣíbí 4 tó. Bó bá tètè wọ̀ ọ́, ìdí ìkòkò á jó kíákíá.

Bí ẹ bá fa orógùn kọjá nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ń rọra padé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ki gan-an. Á ṣì ki sí i bó bá ń tutù.

Ooru Abẹ́òkúta kò jẹ́ kó ṣeé tọ́jú pẹ́. Kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 2 níta, torí kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì sísè tí májèlé rẹ̀ kì í kú bí a bá tún un gbé kaná. Bí ẹ kò bá ní fíríìjì tó ń tutù, ìwọ̀nba tí ará ilé á jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sè.