Bí A Ṣe Lè La Ìjì Yìnyín Ńlá Já

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjì yìnyín tí ó le jù lọ nínú àwọn tí mo ti là já, mo fa ilẹ̀kùn ṣí, mo sì bá ògiri funfun kan tí ó dúró gbọnrangandan níwájú mi, tí ojú ìlà ara ilẹ̀kùn náà, títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, hàn lára rẹ̀ bí ìgbà tí a fi òǹtẹ̀ lu amọ̀. Abẹ́ yìnyín yẹn ni ṣọ́bìrì mi wà, nítorí náà ìkòkò ìdáná ni mo fi gbẹ́ ọ̀nà jáde. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, ṣọ́bìrì ni mo kọ́kọ́ ń gbé wọlé, kí n tó ronú kan oúnjẹ, omi, tọ́ọ̀ṣì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Òtútù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, ó sì yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a kì í fura sí ni pé yìnyín a máa dí ihò. Ó ń dí ihò tí èéfín ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru ń gbà jáde, ó sì ń dí sàláńsà ọkọ̀. Èéfín tí kò bá rí ọ̀nà jáde yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó jókòó sínú ilé tàbí ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì kábọ̀n mọnọ́sáìdì tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn; orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń kéde ara rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1978, nígbà tí yìnyín tí ó lé ní ínǹṣì 27 bo ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ há sójú títì Route 128, èéfín yìí sì gba ẹ̀mí àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ wọn.

Bí ọkọ̀ yín bá há, ẹ má ṣe fẹsẹ̀ rìn kúrò nídìí rẹ̀, nítorí nínú ìjì, ènìyàn lè ṣìnà láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbẹ́ yìnyín kúrò lẹ́nu sàláńsà ná, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 péré láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì ṣí fèrèsé díẹ̀ ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ wá. Bí yìnyín bá ṣì ń rọ̀, ẹ tún ẹnu sàláńsà yẹn wò kí ẹ tó tan án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ó bá jẹ́ ilé ni ẹ wà, nítorí èéfín yìí kan náà, ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, kí ó jìnnà sí fèrèsé, bí ó ti wù kí òtútù náà mú tó. Bákan náà ni iná èédú.

Nígbà tí ìjì bá rọlẹ̀, ẹ má ṣe kánjú kó yìnyín. Èyí tí ó bá ti fa omi mu wúwo gan-an, òtútù sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ìdí nìyí tí ọkàn àwọn kan fi ń daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú, kí ẹ máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kí ẹ máa gbé e sókè, kí ẹ sì sinmi kí ó tó rẹ̀ yín. Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo ara ògiri ilé àgbàlagbà tí ó ń dá gbé ládùúgbò. Bí ihò èéfín rẹ̀ bá ti dí, ẹ gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí yóò fi dáhùn.