BaseObject nínú Yii: àwọn ìṣòro tó máa ń yọjú àti bí a ṣe ń yanjú wọn

Ìbéèrè: Mo gbé ètò àtijọ́ kan tí mo fi Yii 2 (framework, ìyẹn àkójọ kóòdù tí a fi ń kọ ètò PHP) kọ lọ sórí sáfà tó ń lo PHP 7.2, ó sì kọ̀, kò ṣí mọ́. Ohun tó ń gbé jáde ni `Cannot use 'Object' as class name as it is reserved`. Mi ò fọwọ́ kan kóòdù náà rárá.

Ìdáhùn: Kóòdù yín kò yí, PHP ló yí. Láti PHP 7.2, tó jáde lọ́dún 2017, PHP ti gba orúkọ náà, object, fún ara rẹ̀. Kò sí kíláàsì tó tún lè máa jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀, `yii\base\Object` ni kíláàsì ìpìlẹ̀ Yii ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di `BaseObject` láti ẹ̀dà 2.0.13.

Ẹ kọ́kọ́ gbé Yii yín dé 2.0.13 ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ ti kọ `extends \yii\base\Object`, kí ẹ fi `extends \yii\base\BaseObject` rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo àwọn ìlà `use` lókè fáìlì àti `Object::className()` dáadáa, torí ibẹ̀ ló rọrùn jù láti fojú fò. Ẹ má sì torí èyí padà sí PHP àtijọ́. Àtúnṣe yìí kò le.

Ìbéèrè: Kíláàsì mi, Agbegbe, jogún BaseObject. Mo kọ `new Agbegbe(['gigun' => 4, 'ibu' => 3])`, àmọ́ òfìfo ni gigun àti ibu. Kò sì sí error kankan. Constructor mi (method tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń dá object sílẹ̀) rèé:

```
public function __construct($oruko)
{
    $this->oruko = $oruko;
}
```

Ìdáhùn: Inú `$oruko` ni array yín bọ́ sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ohun méjì péré ni constructor BaseObject ń ṣe: ó ń pín ohun tó wà nínú `$config` fún àwọn property (àwọn iye tí object ń gbé), ó sì ń pe `init()`, method tí ẹ lè fi parí ìmúrasílẹ̀ object náà. Tiyín ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì pè é. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
public function __construct($oruko, $config = [])
{
    $this->oruko = $oruko;
    parent::__construct($config);
}
```

Kí ẹ wá pè é ní `new Agbegbe('oko', ['gigun' => 4, 'ibu' => 3])`.

`$config` gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, torí àyè tó gbẹ̀yìn ni `Yii::createObject()`, tí Yii fi ń dá object sílẹ̀, máa ń ju array sí, ohun yòówù tí àyè náà ì báà máa jẹ́. Ìlà `parent` náà gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni `init()` ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ohun tí ẹ bá kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní tíì sí nígbà tí `init()` bá ń wá a. Èyí tó burú jù ni pé, tí ẹ bá fi iye àtilẹ̀wá síbẹ̀, yóò pa iye tí ẹni tó pe kíláàsì náà fún un rẹ́, láìsọ nǹkan kan.

Ìbéèrè: `Calling unknown method: app\models\Agbegbe::on()` ńkọ́?

Ìdáhùn: `on()` ni a fi ń so iṣẹ́ mọ́ event (ìkéde pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀). BaseObject kò ní event, kò ní behavior (àfikún iṣẹ́ tí a lè so mọ́ object). `yii\base\Component` ló ni wọ́n, ọmọ BaseObject sì lòun náà. Kíláàsì tó bá nílò event nìkan ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀. Fún ohun tó kàn ń gbé dátà, BaseObject tó, ó sì fúyẹ́.

Ìbéèrè: Mo ní `getItobi()` nínú Agbegbe, `$a` sì jẹ́ Agbegbe kan. `$a->itobi` ń fún mi ní 12, àmọ́ `property_exists` ní kò sí.

Ìdáhùn: Method ni, kì í ṣe property gidi. Ẹ lo `$a->canGetProperty('itobi')`. Tí ẹ kò bá kọ `setItobi()`, tí ẹ wá fẹ́ fi iye sí i, `Setting read-only property` ni ẹ ó rí.